Ìyá Bọ́tìnì àti Ìbéèrè Kẹrin

Àga Ìyá Bọ́tìnì wà láàárín máṣíìnì méjì. Àga onígi kékeré ni, tìmùtìmù orí rẹ̀ sì ti tẹ̀ débi pé ẹlòmíràn kò lè jókòó síbẹ̀ kí ìdí má dùn ún. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń jókòó lórí rẹ̀ ní ilé ìránṣọ náà, tí ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù tí àwọn télọ̀ bá ti rán tán. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń pè é. Ìyá Bọ́tìnì ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Agolo mílíìkì mẹ́fà wà ní ẹsẹ̀ àga rẹ̀, bọ́tìnì oníhò méjì nínú tibí, oníhò mẹ́rin nínú tọ̀hún, tí ó bá sì na ọwọ́ sísàlẹ̀ láìwò, agolo tí ó ń fẹ́ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń bà. Ohun kan ṣoṣo tí ó fi ń yangàn láyé ni pé bọ́tìnì tí òun bá rán kì í já.

Ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni télọ̀ àgbà máa ń jókòó, ọkùnrin kan tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ fi ń kan abẹ́ máṣíìnì. Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, a jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ní ọwọ́ òsì ni Alápárá wà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó máa ń ránṣọ kíákíá, ó sì máa ń fi ẹ̀fẹ̀ ti ìyára náà lẹ́yìn, àfi bí ẹni pé ẹ̀rín ni epo máṣíìnì rẹ̀.

Ilé ìránṣọ náà ní òfin kan tí Ọ̀gá, obìnrin tí ó ni iṣẹ́, fi lélẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, bí oníbàárà bá dá ẹ̀wù padà nítorí àbùkù, ọ̀kan á ní, “Èmi kọ́ ni mo rán an,” èkejì á ní, “Èmi náà kọ́,” àfi bí ẹni pé ẹ̀wù ọ̀hún ló rán ara rẹ̀. Ni Ọ̀gá bá ní kí Ìyá Bọ́tìnì máa ta kókó òwú kékeré sí inú kọ́là gbogbo ẹ̀wù tí ó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Òwú funfun fún ti Agùntáṣọọ́lò, òwú búlúù fún ti Alápárá. Ẹ̀wù tí ó bá padà wá, wọ́n á ṣí kọ́là rẹ̀ wò, wọ́n á sì fi kọ́ ìṣó tí a kàn mọ́ ògiri lókè orí ẹni tí ó rán an. Ibẹ̀ ni yóò wà títí tí ẹni náà yóò fi tún un ṣe, kí gbogbo ẹni tí ó ń wọlé lè rí i.

Ìṣó Alápárá kì í ṣófo pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni í máa kí ẹ̀wù tí ó bá padà sí i. “Ọmọ mi, o ti dé? Wọn ò tọ́jú rẹ dáadáa lọ́hùn-ún, àbí?” Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìṣó Agùntáṣọọ́lò ní tirẹ̀ ti dípẹtà. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ̀wù kankan ti kọ́ ibẹ̀ kẹ́yìn. Fìlà rẹ̀ ni ó máa ń fi kọ́ ọ ní àràárọ̀, láìsọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ojú inú yóò mọ̀ pé fìlà náà ń sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé ilé iṣẹ́ gbé ẹ̀wù mẹ́rin wọlé. Ẹ̀wù àwọn nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ti rán apá ọ̀tún mọ́ òsì, wọ́n sì ti rán tòsì mọ́ ọ̀tún, nọ́ọ̀sì tí ó bá wọ̀ ọ́ kò lè gbé ọwọ́ rẹ̀ kọjá ìgbáròkó. Akọ̀wé ṣí kọ́là wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun. Funfun. Funfun. Funfun. Ó wo Agùntáṣọọ́lò bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì, ó yọ fìlà rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó gbé e lé orí máṣíìnì, ó sì fi ẹ̀wù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọ.

Kò sí ẹni tí ó rò pé ojú òun yóò rí irú rẹ̀.

“Háà, Ẹ̀gbọ́n!” Alápárá ti dìde. “Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà! Ìbejì ò tiẹ̀ tó yín, ẹ wá fi ìbejì lé ìbejì!”

“Dákẹ́,” ni Agùntáṣọọ́lò wí. Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó fa apá ẹ̀wù kan sún mọ́ ojú.

“Ẹ jẹ́ kí n kí wọn káàbọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti gba ọwọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì! Aláìsàn fẹ́ gba abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì ní, ‘Dákun, bẹ̀rẹ̀ wá bá mi nísàlẹ̀, ọwọ́ mi ò gòkè mọ́.’”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé. Agùntáṣọọ́lò jẹ́ kí apá ẹ̀wù náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Kí Ìyá Bọ́tìnì tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, áyọ́ọ̀nù ti fò kọjá níwájú imú rẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀, ó sì ti balẹ̀ gbàà sára máṣíìnì Alápárá. Táyà ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì náà já, ó yí gbirigbiri lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú lulẹ̀. Kò ba ènìyàn kankan. Agùntáṣọọ́lò mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sì jókòó. Alápárá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu yíyà, ẹ̀rín kò tíì kúrò ní ojú rẹ̀ tán, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ní ọjọ́ kejì ni akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù kan wá bá Ìyá Bọ́tìnì.

“Ẹ̀yin lẹ jókòó sáàárín wọn,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn.”

“Èmi? Kí ni mo mọ̀?”

“Ẹ mọ ohun tí ẹ rí, Ìyá Bọ́tìnì. Ó tán.”

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù náà, ìbéèrè mẹ́rin ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò le. Ọjọ́ wo ni? Kí ni ó bàjẹ́? Ta ni ó bà á jẹ́? Akọ̀wé kà á fún un, ó dáhùn, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó dé orí ìkẹrin, ó fi ṣóńṣó bírò tọ́ka sí i.

“Ta ni ó ‘provoke’ ẹni tí ó ṣe é?”

“Kí ni ìyẹn?”

“Provoke. Kéèyàn mú ẹlòmíràn bínú ni.”

“Kí n sọ ẹni tí ó mú un bínú?”

“Orúkọ kan péré. Ẹ wo ilà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ìyá Bọ́tìnì wo ilà náà. Kò gùn ju abẹ́rẹ́ kan lọ. “Tí mi ò bá kọ nǹkan kan ńkọ́?”

“A jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n kàn ṣàdédé fọ́ máṣíìnì nìyẹn. Ẹni tí ó bá fọ́ ohun èlò iṣẹ́, ilé ló ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá provoke rẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n á fún un. Ẹni tí ó provoke rẹ̀ ni yóò relé.” Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí agogo méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó lù, ẹ jọ̀ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ, abẹ́rẹ́ Ìyá Bọ́tìnì ni yóò sì tọ́ka sí i. Kò rò ó rí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè já lé òun léjìká. Òun tí kì í lè sọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ pé kó gbé ẹsẹ̀ kúrò!

Nígbà tí ó ń lọ sílé, ọkọ̀ kan gba inú ọ̀gọ̀dọ̀ kọjá, ó sì ta omi ẹrẹ̀ sí i láṣọ. Inú bí i. Lẹ́yìn náà ni ó wá dúró lẹ́bàá títì, tí ó ń ro ọ̀rọ̀ akọ̀wé. Ó mú mi bínú, àbí? Ṣé ọlọ́kọ̀ yẹn ti provoke mi nìyẹn? Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò tilẹ̀ rí òun. Ó ti lọ jìnnà, ó ṣeé ṣe kí ó máa kọrin nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá Bọ́tìnì tún rìn díẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ já. Inú tún bí i. Bàtà ńkọ́? Ó gbọn orí rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí ń wọ́lẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ń ká aṣọ tí wọ́n sá nígbà tí ó wọlé. Ìyá Bọ́tìnì jókòó tì í, òun náà mú aṣọ kan, ó ń ká a.

“Díkíṣọ́nárì rẹ dà?”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màámi?”

“Wá provoke fún mi níbẹ̀.”

Ọmọ náà rò pé eré ni. Nígbà tí ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó lọ mú ìwé náà wá, ó fi ìka wá a lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ó ní, kí a mú ènìyàn tàbí ẹranko bínú, pàápàá kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Pàápàá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ni pàápàá ń wá níbẹ̀?”

Ọmọ náà tún un kà. “Ó túmọ̀ sí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

“Nígbà mìíràn, kò mọ̀ọ́mọ̀?”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èyí tó jẹ́?”

Ọmọ náà yí ojú ìwé náà síwá sẹ́yìn bí ẹni pé ìdáhùn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. “Wọ́n fún wa ní àpẹẹrẹ. Wọ́n ní ajá yìí kì í ṣeni léṣe, àyàfi tí a bá provoke rẹ̀.” Ó ronú díẹ̀. “Tíṣà wa náà sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ó provoke níbi ìjà, ẹ wá ẹni tí inú kò bí. Ẹni tí wọ́n provoke ni inú máa ń bí, ẹni tí ó ṣe é á kàn jókòó jẹ́jẹ́.”

Ìyá Bọ́tìnì ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí inú kò bí. Alápárá kò bínú, ẹ̀rín ló ń rín. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àmọ́ kí ló dé tí ọkàn òun kò balẹ̀? Òun pàápàá kò bínú lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ni ó jókòó jẹ́jẹ́ jù nínú gbogbo wọn.

Ní Ọjọ́rú, kí àwọn yòókù tó dé, ó bá Alápárá níbi tí ó ti ń wo máṣíìnì rẹ̀ tí ó ti di arọ.

“Àbúrò mi,” ó ní, “ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ Ajé yẹn, ṣé o fẹ́ kí inú bí Ẹ̀gbọ́n ni?”

“Èmi? Ìyá Bọ́tìnì, ẹ tètè dákẹ́!” Alápárá fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà. “Ẹ̀fẹ̀ tí mo fi ń kí ọmọ ara mi ni mo fi kí tiwọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é. Kò bí ẹnikẹ́ni nínú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò bí ẹnikẹ́ni nínú lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé ni yóò wá di ẹ̀ṣẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ló yí padà ni àbí ọjọ́?”

“Mi ò mọ̀.”

“Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Láti ọdún tí mo ti dé ibí, mi ò tíì rí eyín wọn rí. Mo ní bóyá tòní.” Ó gbójú sókè. Kò sí àpárá kankan lójú rẹ̀. “Ṣé orúkọ mi lẹ máa kọ?”

Ìyá Bọ́tìnì ṣe bí ẹni pé òun ń wá abẹ́rẹ́.

Nígbà tí Agùntáṣọọ́lò dé, Ìyá Bọ́tìnì dúró títí ọkùnrin náà fi yọ ìbòrí máṣíìnì rẹ̀, kí ó tó bi í. Ó lọ́ ọ̀rọ̀ náà títí, nítorí kò rọrùn láti bi àgbàlagbà léèrè pé kí ló mú un bínú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ìbínú tọjọ́ yẹn. Ṣé ti Alápárá ni?”

Agùntáṣọọ́lò ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ máṣíìnì. “Rárá.”

“Rárá kẹ̀?”

“Ìgbà wo ni mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀? Bí ẹni ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ni.” Ó fa òwú náà já. “Ẹ̀wù yẹn kì í ṣe tèmi, Ìyá Bọ́tìnì. Mo mọ ìránṣọ mi. Ṣùgbọ́n kókó inú rẹ̀ ní tèmi ni. Ojú mi ń sọ ọ̀kan, kókó ń sọ òmíràn, gbogbo ayé sì gba kókó gbọ́. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn.” Ó ti ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin jáde lọ jẹun, Ìyá Bọ́tìnì gun orí àpótí, ó sọ ẹ̀wù kan kalẹ̀ láti orí ìṣó. Ó yí i sódì. Ní òpin ojú ìrán, Agùntáṣọọ́lò máa ń dá ẹ̀rọ padà lẹ́ẹ̀mejì kí òwú má baà tú. Alápárá ní tirẹ̀, nítorí ìkánjú, máa ń dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rin, títí ibẹ̀ yóò fi ki bí egbò tó jinná. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ wò. Ó ki.

Ó wá yí kọ́là rẹ̀. Kókó funfun. Kókó kékeré tí ó mú dáadáa, tí a fi eyín gé òwú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó máa ń fi eyín gé òwú nínú ilé náà.

Nígbà náà ni ó rántí. Òwú búlúù ló máa ń tètè tán, nítorí ọwọ́ Alápárá yá. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ku ẹ̀wù mẹ́rin kí iṣẹ́ ọjọ́ náà parí, òwú búlúù tán. Ó ní, jẹ́ kí n fi funfun ta á ná, kí n má baà gbàgbé láti ta kókó sí i rárá, bí ilẹ̀ bá mọ́ màá tú u, màá fi búlúù rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò tí ó rọ̀ ti gba ojú páànù wọlé, gbogbo wọn ń sá kó aṣọ kúrò lábẹ́ òjò. Kí ó tó gbé orí sókè, awakọ̀ ilé ìwòsàn ti kó ẹ̀wù lọ.

Ó jókòó lórí àpótí pẹ̀lú ẹ̀wù náà lórí itan. Ṣé èmi wá ni? Ó bi ara rẹ̀. Alápárá ló rán an bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Alápárá ló ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń wá. Agùntáṣọọ́lò ló ju áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n òtítọ́ ló ń jà fún. Èmi ni mo ta kókó, ṣùgbọ́n mo tilẹ̀ ta á kí n má baà ṣe àṣìṣe ni. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ní gbogbo ibi tí ó bá ti ro pé òun ti rí ìbẹ̀rẹ̀ òwú náà, tí ó bá fà á, ó tún gùn sí i.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín máṣíìnì méjèèjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Alápárá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó lọ yẹ ẹ̀wù náà wò, ó padà wá jókòó. Agùntáṣọọ́lò wo Ìyá Bọ́tìnì títí.

“Ọjọ́ mẹ́ta,” ó ní. “Ẹ jókòó tì mí fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.”

“Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà, Ẹ̀gbọ́n. Àná ni mo mọ̀.”

“Àná ńkọ́?”

Àná, Ìyá Bọ́tìnì ti mọ̀, kò sì sọ. Ó wo ojú rẹ̀ bóyá òun yóò rí ìbínú níbẹ̀, kò rí nǹkan kan tí òun lè pè lórúkọ.

Nígbà tí akọ̀wé dé, Ìyá Bọ́tìnì ní òun fúnra òun ni yóò kọ ìdáhùn kẹrin, Yorùbá ni òun yóò sì fi kọ ọ́. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí orí ilà, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Lẹ́yìn náà, nítorí ó dà bí irọ́ láti fi orúkọ náà nìkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ilà tán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó gòkè lọ, ó yí orí fọ́ọ̀mù, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Òwú búlúù wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀, awakọ̀, apá ẹ̀wù, ìṣó, fìlà, ẹ̀fẹ̀. Akọ̀wé wo ìwé náà bí ẹni tí ó rí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Ìyá Bọ́tìnì.

Ọ̀gá ń yí fọ́ọ̀mù náà po lórí tábìlì kí ó lè kà á.

“Orúkọ kan ni mo béèrè.”

“Ẹ má bínú, mà. Ilà náà ni kò gbà á.”

“O kọ orúkọ ara rẹ, o tún fi àmì ìbéèrè sí i. Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ta kókó funfun ni?”

“Rárá, mà.”

“O fẹ́ kí inú bí i?”

“Ó tì o, mà!”

“A jẹ́ pé ìwọ kọ́ lo provoke rẹ̀. Alápárá ni.”

“Òun náà kò fẹ́ kí inú bí i, mà. Eyín wọn ló fẹ́ rí.”

“Ta wá ni?”

“Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn, mà.”

Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá tábìlì. “Ìyá Bọ́tìnì, má mú mi bínú o!”

Ìyá Bọ́tìnì kò mira. Ó wo ọwọ́ Ọ̀gá lórí tábìlì, ó wo iṣan ọrùn rẹ̀. Ó ń fi tọkàntọkàn ronú ohun tí òun ṣe, nítorí ó jọ pé nǹkan náà gan-an tí òun ti ń wá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń ṣẹlẹ̀ lójú òun yìí.

“Ṣé mo ti ṣe é nísinsìnyí, mà?” ó béèrè wẹ́rẹ́.

Akọ̀wé dojú kọ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó tún tẹjú mọ́ fọ́ọ̀mù náà, ìka rẹ̀ dúró ní apá òkè níbi tí ìwé ti dorí kodò. “Ìṣó wo lo tún kọ síbí?”

“Ìṣó tí a fi ń kọ́ ẹ̀wù, mà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń kọ. Bí kò bá sí ìṣó ni, wọn ò ní yọ fìlà wọn.”

“Ta ni ó ní kí wọ́n kan ìṣó?”

Ìyá Bọ́tìnì wolẹ̀. Akọ̀wé dẹ́kun ikọ́. Ọ̀gá ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fà dúrọ́ọ̀, ó sì jù ú sínú rẹ̀.

“Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

“Ta ni yóò relé, mà?”

“Mo ní kí o padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

Ó padà. Ó ń retí lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì, kò rí i. Ó ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, atúnmáṣíìnì-ṣe ló dé. Ó fi táyà tuntun sí máṣíìnì Alápárá, ó lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó wá láti ọ́fíìsì ni pé kí télọ̀ kọ̀ọ̀kan máa fúnra rẹ̀ ta kókó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó relé. Kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé wọn kò ní relé. Ìṣó ṣì wà lára ògiri.

Ohun tí ó wá kù nínú ilé náà ni ìdákẹ́jẹ́. Alápárá kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù ara rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi kọ́ ìṣó rẹ̀ láìkí i. Agùntáṣọọ́lò ń gbé ẹ̀wù lé Ìyá Bọ́tìnì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fi ojú kan ojú rẹ̀. Ìyá Bọ́tìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò rò pé òun lè rí. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ń bí òun nínú. Wọn ò ṣe nǹkan kan, wọn ò sọ nǹkan kan, síbẹ̀ inú ń bí òun. Kò bi díkíṣọ́nárì nípa èyí. Ó ti rí i pé ìwé náà kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù nọ́ọ̀sì kan lápá, ó dúró láàárín ilé, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Ó ṣí kọ́là rẹ̀ wò, ó pa á dé.

“Bọ́tìnì ló já,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Ìyẹn… mi ò mọ ibi tí mo lè fi kọ́.”

Ìyá Bọ́tìnì rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó gba ẹ̀wù náà. Lóòótọ́ ni, bọ́tìnì kejì láti òkè ti lọ, òwú rẹ̀ ń fì. Ojú gbogbo wọn yí sí i. Fún ọdún mọ́kànlá, kò sí ìṣó lókè orí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé yóò nílò rẹ̀.

Alápárá dìde. Ó wá ìṣó kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gun orí àpótí, ó sì fi ìdí àlùmọ́gàjí kàn án mọ́ ògiri, kò, kò, kò, lókè àga kékeré náà gan-an. Ó na ọwọ́, ó gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ Ìyá Bọ́tìnì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi kọ́ ọ. Ó la ẹnu. Ó wo Agùntáṣọọ́lò, ó sì tún pa ẹnu náà dé.

Máṣíìnì ọwọ́ ọ̀tún dúró.

“Ìyá Bọ́tìnì,” ni Agùntáṣọọ́lò wí, láìgbé orí sókè, “ẹ kú ewu ọmọ.”

Ni Alápárá bá kígbe, ó fi orí gbá máṣíìnì, ẹ̀rín gbà á débi pé ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ìyá Bọ́tìnì kò mira. Inú bí i. Ó di abẹ́rẹ́ mú gírígírí. Ó yí ojú sí Agùntáṣọọ́lò, ó ń wá ìbínú lójú rẹ̀, kò rí i. Ọkùnrin náà jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan ti yẹ̀ díẹ̀, eyín kan ṣoṣo sì yọ níbẹ̀, tí ó funfun bíi kókó òwú.

Omi bọ́ lójú Ìyá Bọ́tìnì. Bí ó ti ń bọ́, ohùn kan tí ó dà bí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ nù.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni?”

“Ẹ lọ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù,” ni Agùntáṣọọ́lò wí, ó sì tẹ máṣíìnì rẹ̀.

Ìyá Bọ́tìnì na ọwọ́ sísàlẹ̀ láìwò kí ó lè mú bọ́tìnì oníhò mẹ́rin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, agolo mìíràn ni ọwọ́ rẹ̀ bà.